Awọ Tí Ń Wo Ara Rẹ̀ Sàn

Kí Bàbá Hezekiah tó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ìgbọ̀nwọ́ Ìyá Sarah ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ọdún kẹrin rèé tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ oníṣu yìí kú, tí kò mọ ooru yàtọ̀ sí òtútù mọ́. Lójoojúmọ́, nínú ilé wọn ní Kabba, ìyàwó rẹ̀ á fọ ẹsẹ̀ náà, á sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò fínnífínní bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá Ayọ̀wálé, ṣé wúrà lò ń wá níbẹ̀ ni?" Orúkọ àkọ́bí wọn ni Bàbá fi ń pè é.

"Ẹ̀gún ni mò ń wá. Ẹ gbé e sókè dáadáa, jàre."

Lọ́jọ́ ọjà kan, Bàbá wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò jẹ́ kí wọ́n gbé omi wá.

"Sinmi, ìyàwó mi. Wàhálà rẹ ti parí. Mo ti ra awọ tuntun."

Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dán ló lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọmọ rẹ ló sọ nípa rẹ̀. Ìwọ náà kà á."

Òótọ́ ni. Ọmọ́tọ́lá, ọmọbìnrin wọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Ògìdì, ti fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù ẹbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò fi àmì kankan sórí rẹ̀: "Awon onimo ti se awo to n mo ifowokan ati ooru, to n wo ara re san."

Awọ tó ń wo ara rẹ sàn! Bí Bàbá ṣe kà á nìyẹn. Nígbà tó dé ọjà, ó bi ọkùnrin kan tó ń kiri oríṣiríṣi ọjà bóyá ó ní awọ tó ń wo ara ẹni sàn. Ọkùnrin náà wo bí Bàbá ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀.

"Òun gan-an nìyí, Bàbá. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, ẹ má sì ṣí i fún ọjọ́ mọ́kànlélógún."

A máa ń sọ pé ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àmọ́ ẹni tí Bàbá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ọjà ló ń tà.

Ara Ìyá Sarah kò gbà á. Ṣùgbọ́n ọmọ tirẹ̀ tó kàwé ló kọ ọ̀rọ̀ yìí, ta ni òun tí òun ò ju ìwé mẹ́fà lọ? Ó gbé abọ́ tó fi ń fọ ẹsẹ̀ pamọ́. Ọjọ́ márùn-ún ni kò fi fọ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, àárò ẹsẹ̀ náà sì ń sọ ọ́, ká sòótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹfà, Bàbá ń tòògbé lórí àga. Ìyá fẹ́ tún aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ojúgun. Ó gbóná janjan. Òórùn kan tún ń jáde lábẹ́ rọ́bà yẹn. Ìyá pe Ọmọ́tọ́lá lórí fóònù.

Ọ̀kadà ló gbé e dé.

"Okun o, Ìyá," ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni nílẹ̀ Kabba. "Ẹsẹ̀ wọn dà?" Ó kúnlẹ̀, ó wò ó, ó sì pariwo. "Bàbá mi! Rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú fóònù nìyí!"

"Ìwọ lo kọ ọ́ pé ó ń wo ara rẹ sàn."

"Ara rẹ̀ ni, Bàbá! Ara awọ yẹn fúnra rẹ̀! Bó bá ya, á tún so pọ̀. Awọ àtọwọ́dá ni, ó ń ká bí aṣọ. Wọ́n ń ṣe é kí ọwọ́ àtọwọ́dá lè mọ ohun tó bá fọwọ́ kàn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń dán an wò, kò sí lọ́jà Kabba. Kì í sì í wo egbò ẹnikẹ́ni." Ojú rẹ̀ kún fún omijé. "Àti pé, èmi Ọmọ́tọ́lá, ṣé mo lè kọ̀wé sí yín kí n máa pè yín ní 'ìwọ'?"

Bàbá tún wo rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó yẹ kí n ti fura," ló wí jẹ́jẹ́. "O ò ṣe irú rẹ̀ rí láti kékeré."

Wọn ò ṣí rọ́bà náà nílé, ọsibítù ni wọ́n gbà lọ tààrà. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Ọpẹ́dayọ̀ ṣí rọ́bà náà, ẹ̀gún oko ló bá níbẹ̀, tó ti wọlé jìnnà, tí egbò yí i ká, tó sì ti ń kẹ̀. Bàbá wò ó bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Kò dùn ún rárá.

"Bàbá, ọjọ́ díẹ̀ sí i, gígé là bá máa sọ," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ìyá Sarah di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó sunkún, kò sì tijú ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi tọ́jú egbò náà kó tó jinná. Ọlọ́run ṣe é, ẹsẹ̀ méjèèjì ni Bàbá fi rìn wọlé.

Ẹ̀yin ará wa, bí àtọ̀gbẹ bá ń ṣe yín tàbí ẹni yín, ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lójoojúmọ́, ẹ má rìn láìwọ bàtà, kí ẹni tí ara rẹ̀ mọ ooru sì bá yín tọ́ omi wò. Ẹ má lẹ ohun tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kò fún yín mọ́ ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ka ìròyìn ìmọ̀ tuntun, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́, ẹ má bi ẹni tó ń kiri ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ ọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí i. Bí ẹ bá sì rí egbò lẹ́sẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró dìgbà tó bá dùn yín, nítorí egbò tí kì í dunni ló ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹni.