Lẹ́ǹsì Tí Kò Fẹ́ Ríran

Lẹ́ǹsì náà tún kùn. Ó lọ síwájú, ó bọ̀ sẹ́yìn, ó tún lọ síwájú, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Àwòrán inú kámẹ́rà mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tún di kùrukùru.

"Kò ríran," ni Olójú-Kan wí.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé àti nílé ìwé nìyẹn, nítorí láti kékeré ló ti máa ń di ojú kan kó tó wo ohunkóhun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló fún un ní kámẹ́rà náà, kékeré kan báyìí tí èèyàn lè pààrọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀. Fún ọdún méjì, lẹ́ǹsì àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ló ń lò sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré kì í dúró de ẹni tó ń yí lẹ́ǹsì. Nítorí náà ló ṣe fi gbogbo owó tó rí nídìí bọ́tìnì tó ń bá ìyá rẹ̀ rán ra àlòkù lẹ́ǹsì tó ń wá ojú àwòrán fúnra rẹ̀ títí yóò fi mọ́.

Obìnrin ayàwòrán tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìkòríta ti bá a sọ̀rọ̀, ní ṣókí.

"Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ẹnì kan ni mo fẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń sáré ìje nílé ìwé yín. Ya ẹni tó ń sáré, kí o gbé e wá. Bí mo bá lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀, ìwọ ni."

Ọjọ́rú ti dé, lẹ́ǹsì kò sì ríran.

Olójú-Kan yẹ súíìṣì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò: ibi tó yẹ kó wà ló wà. Bátìrì kún. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó nu dígí rẹ̀, ó nu àwọn àmì wúrà wẹ́wẹ́ ìdí lẹ́ǹsì tó fi ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀. Pàbó ló já sí.

Lọ́yà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, jókòó sórí àpótí òwú nínú yàrá ìránṣọ, ó ń jẹ bisikíìtì.

"Ṣé o ti gbá a létí?"

"Kì í ṣe rédíò bàbá yín."

"Dá a padà fún ẹni tó tà á, nígbà náà."

"Ó ní ọjà tí òun bá ti tà, kò sí dídá padà."

"Ó dáa. Tà á fún Àǹtí Físíìsì. Ṣebí ó ń wá irú ẹ̀ tó máa fi ya ọmọ ẹ̀? Wá nǹkan tí kò lè mira, fọwọ́ yí i títí á fi mọ́, yà á, fi hàn án. Gba owó, ra òmíràn lọ́jọ́ Ẹtì."

"Bó bá wá mọ̀ ńkọ́?"

"Ọjà tó o bá ti tà, kò sí dídá padà." Lọ́yà gbọn èérún bisikíìtì nù. "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn àgbà ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi."

Olójú-Kan kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ yí lẹ́ǹsì, ó ya máṣíìnì ìyá rẹ̀. Àwòrán náà mọ́ débi pé èèyàn lè ka fọ́nrán òwú. Ó rẹwà. Irọ́ sì ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, olùkọ́ físíìsì gba àwòrán náà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì. Ó wò ó pẹ́.

"Ó dára. Lẹ́ǹsì yìí ló wá ojú àwòrán yìí fúnra ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" kan péré ló kù. Olójú-Kan ti la ẹnu. Ó rántí ẹni tó ta lẹ́ǹsì fún un. Òun náà wo ojú rẹ̀ kó tó gbowó.

"Rárá mà. Ọwọ́ ni mo fi yí i. Kò ríran fúnra ẹ̀. Mo fẹ́ tà á fún yín kẹ́ ẹ tó mọ̀."

Lọ́yà tó bá a wá wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da ẹjọ́ rẹ̀ nù.

Olùkọ́ náà kò bínú, kò sì yìn ín. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú kámẹ́rà tirẹ̀ jáde.

"Gbé e wá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni."

Ó ki lẹ́ǹsì náà bọ kámẹ́rà rẹ̀. Ó kọjú rẹ̀ sí fèrèsé: pí, àwòrán mọ́. Ó kọjú rẹ̀ sí ẹ̀rọ omi: pí. Ó kọjú rẹ̀ sí Lọ́yà: pí. Kò ṣiyèméjì rárá.

"Lẹ́ǹsì rẹ kò fọ́jú," ni olùkọ́ wí. "Kámẹ́rà rẹ ni kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Jẹ́ n wo ẹnu ẹ̀."

Ní ẹnu kámẹ́rà ni àwọn irin tíntìntín tò sí, tó yẹ kó máa ta sókè. Epo ti bò wọ́n, ìdọ̀tí aṣọ pupa àti búlúù sì ti lẹ̀ mọ́ epo. Ọ̀kan ti rì sínú, kò sì jáde mọ́.

"Kí lo ń fi sí i lẹ́nu?"

Olójú-Kan wo ilẹ̀. "Epo máṣíìnì ni, mà. Kí lẹ́ǹsì lè máa wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá mi ní irin tí kò bá mu epo, igbe ni yóò máa ké."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá rẹ ò parọ́. Àmọ́ máṣíìnì ìránṣọ ni wọ́n ń wí."

Lẹ́ǹsì àtijọ́ kò ní ohun tó ń bá kámẹ́rà sọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ̀ pé etí kámẹ́rà ti di.

Wọ́n kán spírítì díẹ̀ sórí aṣọ fẹ́lẹ́, Olójú-Kan sì nu àwọn irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi igi ìtayín tẹ èyí tó rì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò gbọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ta sókè. Ó dá lẹ́ǹsì padà sáàyè rẹ̀, ó di ojú kan.

Pí.

"Ṣé ẹ ṣì máa rà á, mà?" ni Lọ́yà bi olùkọ́.

"Ẹjọ́ ti parí, Lọ́yà. Jókòó."

Ìgbà tí Olójú-Kan ń lọ sílé ló tó yé e. Ká ní ó parọ́ ni, ojúlówó lẹ́ǹsì ni ì bá tà. Èyí tí ì bá fi owó rẹ̀ rà náà kò ní í ríran. Gbogbo lẹ́ǹsì ayé ni kámẹ́rà yẹn ì bá fọ́ lójú.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó fi àyà dùbúlẹ̀ níbi tí ìje ti ń parí. Ọmọbìnrin kan ló ṣíwájú, eruku lẹ́yìn rẹ̀, eyín rẹ̀ síta. Pí. Ó tẹ̀ ẹ́.

Obìnrin ayàwòrán gbé àwòrán náà sójú kọ̀ǹpútà, ó fẹ̀ ẹ́, ó sì na ìka sí ìpéǹpéjú.

"Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin."

Ó kà á dé ẹ̀sán, ó dúró.

"Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́rin, bí ẹ bá ti jáde nílé ìwé. Má pẹ́."

Lọ́yà ń dúró níta. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mọ̀.

"Òtítọ́ dọ́jà," ló bẹ̀rẹ̀.

"Ó tà," ni Olójú-Kan wí.

Ẹ̀yin ọmọ, òtítọ́ lè pẹ́ lórí àtẹ. Ẹ má tìtorí ìyẹn gbé èké síta. Ẹni tó bá sọ ibi tó ń dùn ún ni wọ́n ń bá wá oògùn.