Óòtì Ìyá Ẹlẹ́kọ

Mojíre ti fún aṣọ asẹ́ náà títí apá fi ń ro ó. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ìkòkò mọ́lẹ̀, ó ń bu omi lé ohun tí ó ti rẹ láti alẹ́ àná, ó ń fi ọwọ́ rò ó, ó sì ń fún un. Omi funfun ń kán sínú ìkòkò. Bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti sẹ́ ògì nìyẹn, kò sì sí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ní gbogbo Ilare tí ó mọ ògì sẹ́ jù ú lọ. Nígbà tí kò rí omi fún jáde mọ́, ó gbọn eèrí inú aṣọ náà sí ẹ̀yìnkùlé. Ewúrẹ́ méjì sáré dé. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún lá ilẹ̀.

Ìyá rẹ̀, Àníkẹ́, tí ó ń di ẹrù aṣọ tí ó fẹ́ gbé lọ sí ọjà Ìpetumodù, yọ orí síta.

"Mojíre, óòtì Màmá àgbà ti jinná?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́ ẹ tán ni, mà."

"O sẹ́ kí ni?"

"Óòtì náà ni. Mo ti da eèrí rẹ̀ nù fún ewúrẹ́."

Àníkẹ́ ju okùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé agolo tí ó wà lẹ́bàá ààrò, ó mì í. Ìdajì rẹ̀ ti lọ.

"Yéè! Eèrí tí o pè é yẹn gan-an ni oúnjẹ! Nọ́ọ̀sì ní odidi rẹ̀ ni wọ́n ń sè. O ti gbé oúnjẹ aláìsàn fún ewúrẹ́! Ìwọ tí o mọ̀wé, kí ni wọ́n kọ sí ara agolo yìí?"

Mojíre kà á. Wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà: kí a da óòtì sínú omi tó ń hó, kí a máa rò ó títí yóò fi ki. Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún kò le. Òun ni ó gba ẹ̀bùn Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì rẹ̀ ní èṣí. Ṣùgbọ́n kò kà á, nítorí ó rò pé kò sí ohun funfun tí wọ́n ń sè nínú ìkòkò tí ọmọ-ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ kò mọ̀. Àìmọ̀kan ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ó dé omi tí ó sẹ́ náà, ó gbé e sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé, ojú sì tì í débi pé kò fẹ́ rí i mọ́.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń pe ìyá àgbà rẹ̀, Àyọ̀kẹ́, ní àdúgbò. Ogójì ọdún ni ó fi ta ẹ̀kọ. Ibà ló dá a dùbúlẹ̀ sí ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibà náà ti lọ, ṣùgbọ́n ó gbé agbára rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì Dorcas tí ó ń wá wò ó nílé ni ó fún wọn ní agolo óòtì náà, ọkà òyìnbó tí wọ́n ń sè fún aláìsàn. Ó ní ògì lásán kò lè gbé e dìde, kí wọ́n fi ògì sílẹ̀ ná, kí wọ́n máa se èyí fún un ní àràárọ̀. Àníkẹ́ ti kó gbogbo ògì ilé fún aládùúgbò kí ojú Màmá má baà wọ̀ ọ́.

"Bí ara wọn kò bá mókun títí ọjọ́ Ajé," ni Nọ́ọ̀sì wí, "orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni wọ́n ń padà sí."

Mojíre ni yóò sì tẹ̀lé e lọ láti máa tọ́jú rẹ̀, nítorí ọjà ni Àníkẹ́ fi ń bọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ni ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é. Mojíre ti ń múra sílẹ̀ fún un láti oṣù kẹfà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó se óòtì náà bí agolo ti wí. Ó fi ṣúgà sí i, ó fi mílíìkì sí i, ó gbé e wọlé tọ ìyá àgbà lọ. Màmá tọ́ ṣíbí kan wò, ó pa ẹnu dé.

"Kí lèyí tó ń yọ̀ bí ilá?"

"Óòtì ni, Màmá. Ó dùn púpọ̀."

"Adùn rẹ̀ ni mò ń sọ. Ọkọ mi, ẹ̀kọ tó bá dùn báyìí, ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú ni wọ́n ń fún. Gbé e kúrò, kò lè gba ọ̀fun mi kọjá."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ kò bá jẹ ẹ́, wọ́n á dá yín padà sí ọsibítù."

Màmá wo ẹnu ọ̀nà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọmọdé tó fẹ́ jí ẹran nínú ọbẹ̀.

"Ṣé wọ́n wà nínú ẹnu mi ni? Ìwọ jẹ ẹ́, kí o ní èmi ni mo jẹ ẹ́. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀dì gíga yẹn mọ́. Bí mo bá yí, mo bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ìwọ náà á sì lọ ṣe ìdánwò rẹ. Kí lo tún ń fẹ́?"

Mojíre rẹ́rìn-ín. Ó gbé abọ́ náà jáde, ó dúró nídìí ààrò, ó ń wò ó. Ewúrẹ́ wà nítòsí, ṣùgbọ́n kò lè da oúnjẹ nù lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí ó fi tan ara rẹ̀ jẹ nìyẹn: pé kí nǹkan má ṣòfò. Ó jẹ ẹ́. Ó dùn lóòótọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé, tí ó rí abọ́ òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mojíre kọjú sí ògiri.

Ó tún jẹ ẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Ó tún jẹ ẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Yàtọ̀ sí omi díẹ̀, nǹkan kan kò wọ ẹnu Màmá. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Nọ́ọ̀sì Dorcas fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, ó wọlé, ó di ọrùn ọwọ́ Màmá mú.

"Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?"

"Wọ́n ń jẹ ẹ́, mà," ni Mojíre dáhùn. "Wọ́n ń jẹ ẹ́ tán."

"Mò ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ iyán," ni Màmá fi kún un láti orí ẹní.

Nọ́ọ̀sì wo eegun ọrùn Màmá. Ó wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mojíre.

"Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀," ni ó wí. "Ọ̀rẹ́ náà mọ ilé yìí. Ó dà bí ẹni pé yàrá ni ó ń ṣì yà."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Màmá dìde láti lọ wẹ̀. Kò dé ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ká mọ́ ọn nídìí, ó sì rọra ṣubú bí aṣọ tó já lórí okùn. Àníkẹ́ ké. Wọ́n sáré lọ pe Nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ojú rẹ̀ kò dára.

"Ẹ ní wọ́n ń jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì ń rù sí i. Nǹkan mìíràn ló wà nínú wọn nìyẹn, ó ju agbára wa lọ níbí. Ẹ di ẹrù, Ìyá Mojíre. Ìbàdàn ni a ń gbé wọn lọ. Wọ́n lè ní láti la ikùn wọn wò."

Àníkẹ́ ká ọwọ́ lé orí. Ó wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ jọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ. Mojíre kúnlẹ̀ ti ìyá àgbà. Màmá kò la ojú, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kan yọ jáde lábẹ́ aṣọ, ó di etí ìró Mojíre mú, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìka náà ń sọ yé Mojíre: *Má sọ. Ìdánwò rẹ ń bẹ lọ́la.*

Omijé dé sí i lójú. Ẹni tí ebi ń pa kú lọ ló tún ń ṣọ́ ọ̀nà fún un.

"Wọn kò jẹ nǹkan kan, mà," ni ó pariwo. "Èmi ni mo jẹ ẹ́. Láti Ọjọ́bọ̀. Ebi ló ń pa wọ́n!"

Àníkẹ́ jáde pẹ̀lú aṣọ ní apá. Ó na ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò balẹ̀ sí ara ẹnikẹ́ni.

"Nítorí ìdánwò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi ni mo ní kí ó jẹ ẹ́," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ.

"Màmá, ẹ sinmi," ni Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Aláìsàn ni yín. Òun kò ṣàìsàn." Ó yíjú sí Mojíre. "Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé fún dókítà Ìbàdàn, pé wọ́n ń jẹun. Ibi tí ó yẹ kí ṣíbí dé ni wọn ì bá fi ọ̀bẹ dé. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, mà."

Nọ́ọ̀sì po omi ṣúgà fún Màmá, ó rọra fún un mu. Ó ní aago méje òwúrọ̀ ọ̀la ni òun yóò padà wá. Bí Màmá kò bá jẹ abọ́ óòtì kan tán lójú òun, bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni, Mojíre ni yóò sì tẹ̀lé e, ìdánwò tàbí àìsí ìdánwò.

Mojíre yí agolo dé. Ìkúnwọ́ kan péré ló kù. Bí èyí bá jóná, tàbí bí Màmá bá tún pa ẹnu dé, kò sí òmíràn. Ó lọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé láti wá ìkòkò tó mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì bá èyí tí ó dé síbẹ̀ láti Ọjọ́rú. Ó ṣí i. Òórùn kíkan fẹ́ sókè lù ú nímú.

"Ta ló ń sẹ́ ògì?" ni Màmá béèrè láti inú yàrá.

Mojíre yọ orí sí yàrá.

"Ògì kọ́, Màmá. Omi óòtì tí mo fi ìwàǹwára sẹ́ níjọ́sí ni."

"Gbé e wá."

Ó gbé e lọ. Màmá ki ìka bọ inú rẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó sì lá ètè rẹ̀. Mojíre kò rí i kí ó lá ètè láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé láti ọsibítù.

"Ó kan dáadáa," ni Ìyá Ẹlẹ́kọ wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ohùn ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. "Da omi orí rẹ̀ sọ nù díẹ̀. Rẹ èyí tó kù nínú agolo sínú ìyókù di òwúrọ̀. Iná pẹ̀lẹ́ ni kí o fi sè é. Fi iyọ̀ sí i, kí o já ewé efinrin méjì sí i, kí o sì yọ wọ́n kí ó tó dúdú. Bí o bá fi ṣúgà bà á jẹ́, èmi pẹ̀lú rẹ ni!"

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Mojíre ti wà nídìí ààrò. Ó fa igi jáde kí iná má baà le. Ó ń fi orógùn rò ó láìsinmi, ó ń ha ìdí ìkòkò, kò jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ ibì kankan. Nígbà tí ó ki, tí ó ń hó pùkẹ̀pùkẹ̀, ó ju efinrin sí i, òórùn rẹ̀ sì gba inú ilé. Ó yọ ewé náà. Ó fi orógùn ha ìkòkò títí kò fi ku nǹkan kan, ó bù ú sínú abọ́, ó gbé e wọlé. Nọ́ọ̀sì Dorcas ti dé. Òun àti Àníkẹ́ jókòó lórí àpótí.

Mojíre gbé ṣíbí sókè láti fún un jẹ. Màmá gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tọ́ ọ wò. Ó dúró. Mojíre ń wo ètè rẹ̀.

"Iyọ̀ rẹ̀ dín díẹ̀," ni Màmá wí, ó sì bu òmíràn.

Ó jẹ ẹ́ lọ, ó rọra ń jẹ ẹ́, òógùn ń sọ níwájú orí rẹ̀. Nígbà tí ó dé ìdajì, ó na ṣíbí sí Mojíre.

"Tọ́ ọ wò, ọkọ mi."

"Rárá, Màmá. Mo ti jẹ ìpín tiyín fún ọjọ́ mẹ́ta. Èyí, ẹ jẹ ẹ́ tán."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu ìdí abọ́ bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ le. Àníkẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ nu ojú. Nọ́ọ̀sì dìde.

"N ó mú agolo mìíràn wá ní ọ̀sán. Màmá, ilé ni ẹ wà." Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Mojíre. "Bí ìwọ bá ti sọ òtítọ́ ní Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ ni à bá ti wá ohun tí ó lè gba ọ̀fun wọn kọjá. Irọ́ a máa mú kí abọ́ ṣófo, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kì í mú kí ikùn kún. Fi èyí sọ́kàn lọ sínú ìdánwò rẹ, kí o sì ka ohun tí wọ́n bá kọ kí o tó dáhùn."

Mojíre kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó fọ abọ́, ó fọ ìkòkò, ó da omi rẹ̀ fún ewúrẹ́, ó sì fi orógùn kọ́ ibi tí ó ń gbé. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó mú pẹ́ńsù àti rúlà. Ìyá rẹ̀ ki àkàrà tó gbóná bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì tún kọ́là ọrùn rẹ̀ ṣe.

"Mojíre!" ni Màmá pè láti orí ẹní, bí ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Mà?"

"Nígbà tí o bá dé, n ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ ìwọ̀n iyọ̀."

Ó jáde sí ojú ọ̀nà, oòrùn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.