Ariwo Tí Ẹlòmíràn Kò Gbọ́

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, fara balẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ẹni tí ẹ̀rù bà fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko láìsọ fún ẹnì kan.

Ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó. Etí-Ò-Ṣì ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe ségesège, àwọn yòókù á tú u palẹ̀, wọn á fi odindi ọjọ́ wá àrùn rẹ̀. Òun kì í tú nǹkan kan. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ní. Á fi orí rẹ̀ ti ara ẹ̀rọ, á fi ìdí rẹ̀ ti ẹ̀yìn etí, á dijú, á sì ní, "Bíárìn tí ayùn fi ń yí lápá òsì ló fẹ́ kú." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí.

Ìgbéraga wá wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Á ní, "Kí Ọlọ́run máa mójú tó ọ̀run rẹ̀. Èmi ni mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ." Àwọn èèyàn á bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í rẹ́rìn-ín, àgbàlagbà tí ń pọ́n ayùn níbẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Aláyùn. Òun á kàn mi orí, á ní, "Ọmọ mi, rọra o."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iná lọ. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ mí kanlẹ̀, wọ́n jókòó sórí pákó. Ṣùgbọ́n nínú orí Etí-Ò-Ṣì, nǹkan kan kò dákẹ́. Híìììn. Ó wo òkè, ó wo ẹ̀yìn, ó béèrè pé, "Ta ló gbé kẹ́tùlù omi kaná?" Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kaná. Ara rẹ̀ bù máṣọ.

Láti ọjọ́ náà, ariwo ọ̀hún kò lọ mọ́. Bó ń jẹun, etí rẹ̀ ń hó. Bí ọmọ rẹ̀ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹnu ọmọ náà ló ní láti máa wò kó tó mọ ohun tó ń sọ. Ibi tó bá ti dákẹ́ rọ́rọ́, kò lè jókòó síbẹ̀. Ó ń yí rédíò sókè títí ìyàwó rẹ̀ fi bú sẹ́kún. "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé gbogbo wa la di adití ni?"

Ó gbà pé ayé ló ń ṣe òun. Ó so oògùn mọ́ abẹ́ fìlà, ó ro òróró olóòórùn sí etí, pàbó ló já sí. Ẹ̀rù ń bà á pé òun máa ya wèrè. Ẹ̀rù míì sì tún ju ìyẹn lọ: kí wọ́n má lọ mọ̀ níbi iṣẹ́ pé etí tó fi ń jẹun ti bàjẹ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí parọ́ nìyẹn. Á gbé ọ̀pá irin sétí, kò ní gbọ́ nǹkan kan, ohun tó bá ti wá sí i lẹ́nu ló máa sọ.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin tó ní ọmọ kéékèèké méjì nílé, ló ń la pákó nídìí ẹ̀rọ tó tóbi jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ wá gbọ́ ẹ̀rọ yìí. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀."

Ó gbé ọ̀pá sétí. Híìììn.

Bàbá Aláyùn ní, "Tú u wò, ọmọ mi."

"Bàbá, ẹ máa pọ́n ayùn yín! Kò sí nǹkan tó ṣe é. Tàn án!"

Kò tó wákàtí kan tí bíárìn fi fọ́. Ayùn há, pákó ta padà, ó gbá ọkùnrin náà láyà, ó sì wó lulẹ̀ gbì. Etí-Ò-Ṣì sáré dé, ó kúnlẹ̀, ó gbé etí lé e láyà bóyá òun á gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

Híìììn. Ó gbé etí kejì lé e. Híìììn.

"Mo ti pa á!" ló fi igbe ta. "Mo ti pa ọmọ ìyá ìyàwó mi! Mi ò gbọ́ nǹkan kan! Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án tí mi ò ti gbọ́ nǹkan kan, irọ́ ni mò ń pa fún yín!"

Bàbá Aláyùn fi ìka méjì tẹ ọrùn ẹni tó ṣubú. "Ó wà láàyè. Ẹ wá mọ́tò, kíá!"

Egungun ìhà méjì ló dá, ṣùgbọ́n ó yè. Lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni Etí-Ò-Ṣì jókòó sí.

Bàbá Aláyùn jókòó tì í. "Etí tèmi náà ń hó. Ó ti lé lógún ọdún."

"Ẹ̀yin, Bàbá? Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó bà mí rí. Ṣùgbọ́n etí kọ́ ló fẹ́ pààyàn lónìí, ọmọ mi, irọ́ ni. Dókítà wà fún etí. Ta ni yóò wo irọ́ sàn? Jésù nìkan ni, òun ló kú nítorí irú wa. Sọ fún un bí o ṣe sọ fún wa lẹ́ẹ̀kan."

Ó ṣí fìlà, ó já oògùn abẹ́ rẹ̀ dànù, ó sì fi omijé sọ pé, "Jésù Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ṣàánú mi."

Ó sọ òtítọ́ fún ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Inú bí obìnrin náà gan-an, ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá a sọ̀rọ̀. Ó sọ fún ọ̀gá pẹ̀lú. Ní báyìí, òun náà ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ bíi ti àwọn yòókù, ó ń fi ojú àti ọwọ́ wá àrùn rẹ̀.

Ṣé ariwo náà lọ? Mi ò ní tàn ọ́ jẹ: kò lọ. Dókítà etí ní ariwo ẹ̀rọ ló ba etí rẹ̀ jẹ́, kó máa di etí nídìí ẹ̀rọ, kó fi rédíò sílẹ̀ jẹ́jẹ́ nínú yàrá, kó má sì máa ṣọ́ ariwo náà. Ọjọ́ míì, ó máa ń le. Ṣùgbọ́n ó ti lè jókòó síbi tó dákẹ́, kó gbàdúrà.

Ìwọ ńkọ́? Bóyá etí tìrẹ ń gbọ́ dáadáa. Kí ni ohun tí ò ń bò mọ́lẹ̀, tí ò ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí nǹkan? Àwọn tó sún mọ́ ọ jù ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ yóò kọ́kọ́ gbá. Àbúrò ìyàwó ọkùnrin yìí yè. Ta ló sọ fún ọ pé ẹni tìrẹ yóò yè?

Má ṣe ní ó di ọ̀la. Ibi tí o wà yẹn, ṣí ẹnu rẹ, kí o sọ ohun tí o kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún Jésù. Bí ohùn rẹ tilẹ̀ ń gbọ̀n, sọ ọ́. Ó ń gbọ́.