Ọ̀rá Tí Ìyá Aránṣọ Fi Dí Ẹ̀rọ Èéfín Lẹ́nu

Ìyàwó àbúrò mi, tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, òun àti àwọn ọmọ wà lókè, Ìyá Aránṣọ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo ló ń fẹ́ sí gbogbo wọn, láti inú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi páànù ṣe.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ọ̀nà náà tó máa ń ké bó bá gbóòórùn èéfín. Ṣùgbọ́n eruku aṣọ kò jẹ́ kó sinmi. Ó ké láàárọ̀, ó ké lọ́sàn-án. Ni Ìyá Aránṣọ bá gun àga, ó fi ọ̀rá wé e pinpin.

"Ó tó gẹ́ẹ́! Ẹkún rẹ ju ti ọmọ tuntun lọ."

Ọmọbìnrin tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe dé lọ́jọ́ kejì.

"Mọ́mì, ta ló dí eléyìí lẹ́nu?"

"Èmi ni. Aláriwo ni. Òmíràn ṣáà wà lára àjà níbí."

"Atẹ́gùn á ti fa èéfín gba inú ọ̀nà yìí lọ sókè kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyẹn. Ta ló wà lókè?"

"Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ọmọ-ọmọ mi wà níbẹ̀."

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, ọmọbìnrin náà fín èéfín inú agolo tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò, tí kì í pani lára, sẹ́nu ọ̀nà afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀, ó ní kí Mọ́mì gòkè lọ wò.

Èéfín ti ṣáájú Mọ́mì débẹ̀. Ó ń tú jáde lókè ibùsùn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rọ inú ọ̀rá kò ké. Mọ́mì sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Yé è! Nísàlẹ̀ níbí, a ò tiẹ̀ gbóòórùn kankan!"

"Mọ́mì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́mọ, bí ọmọ bá ń sunkún, ṣé ẹnu rẹ̀ lẹ máa ń dí?"

Mọ́mì fọwọ́ ara rẹ̀ já ọ̀rá náà.

Ọmọbìnrin náà pààrọ̀ asẹ́ tó ń gba eruku. Ó gbé ẹ̀rọ náà kọjá asẹ́, síbi tí ọ̀nà ti gún tí atẹ́gùn kì í yí, ó sì dojú ihò rẹ̀ kọ atẹ́gùn. Ó wá so ó mọ́ fáànù ẹ̀rọ amúlétutù. "Bó bá ké báyìí, fáànù á kú. Èéfín ò ní rẹ́ni gbé e gòkè."

Ẹ̀yin ará, bí ẹ̀rọ yín bá ń ké láìnídìí, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má dí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dán an wò, kí wọ́n sì máa gbọn eruku asẹ́. Bó bá ké, ẹ jáde. Aṣọ ṣeé rán míì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, áyọ́ọ̀nù jó àkísà kan. Ẹ̀rọ ké, fáànù dákẹ́. Lókè, ìyàwó àbúrò mi ti ń kó àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Aránṣọ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú aṣọ ìyàwó tó ń rán, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò bojú wẹ̀yìn.