Wáyà Olórí Méjì

Oṣù karùn-ún ti ń parí lọ, ara ò rọ ẹnikẹ́ni ní Tarpon Hollow. Bí atẹ́gùn bá ti ilẹ̀kùn pẹ́rẹ́, kálukú á gbójú sókè wo ọ̀nà òkun. Àkókò ìjì líle ku ọ̀sẹ̀ kan. Láti àárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná ìlú wa ti wà ládùúgbò. Wọ́n ń yẹ òpó wò, wọ́n ń pààrọ̀ èyí tó ti jẹrà, wọ́n sì ń gé ẹ̀ka igi tó sún mọ́ wáyà.

Ìgbà tí wọ́n dé ilé Lavonne Pettway, tó kọjú sí tèmi, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà dúró sábẹ́ igi óákù rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dá mọ́tò dúró.

"Ẹ ò ní fọwọ́ kan igi yìí! Bàbá mi ló gbìn ín."

"Màmá, a ò fẹ́ gé igi yín," ni Renaldo Cribbs, olórí wọn, wí. "Ẹ̀ka tó fara ti wáyà yẹn nìkan ni. Bí ìjì bá ṣẹ́ ẹ, gbogbo òpópónà yìí ló máa ṣókùnkùn."

"Kó ṣókùnkùn! Ọjọ́ márùn-ún la ò fi ríná lọ́dún tó kọjá, ta ló rántí wa?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ó yíjú sí mi wàrà.

"Cleta, ìwọ ló ń rẹ́rìn-ín? Ṣé ọkọ tìẹ náà ń fi ẹ̀rọ mí ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Hosea ọkọ rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́. Bí iná bá lọ, èémí rẹ̀ fẹ́ bá a lọ nìyẹn.

Ó kọjú sí Renaldo padà. "A ní jẹnẹrétọ̀ tiwa. Màá kàn ki í bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ilé ìdáná, gbogbo ilé á tàn yòò, bí mo ṣe ṣe é lẹ́yìn ìjì ọdún tó kọjá."

Renaldo gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀. "Kí lẹ fi so ó mọ́ ògiri?"

Lavonne wọlé, ó mú wáyà kan jáde. Orí pulọ́ọ̀gì wà ní ìhín, ó wà ní ọ̀hún. "Hosea ló ṣe é nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le," ó fi yangàn.

Renaldo ò gbà á. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìka méjì ò sí níbẹ̀, ìyókù ti sunkì bí awọ tí iná rà.

"Màmá, iná tó bá gba ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé kì í dúró sínú ilé. Ó máa gba wáyà jáde padà lọ sórí òpó. Tiransifọ́mà á wá sọ ọ́ di iná ńlá tó ń pànìyàn. Àwa tá a wà lókè á rò pé wáyà ti kú. Mo ń múra àtiso ó mọ́ ilẹ̀, kí iná tó bá kù nínú rẹ̀ lè wọlẹ̀ lọ kí n tó tún un ṣe, ó gbá mi kí n tó so ó tán."

"Níbo?" ni mo bi í.

"Ẹ̀yìn ilé yìí gan-an. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìjì ọdún tó kọjá yẹn, ní ọ̀sán gangan. A ò mọ ilé tó ti wá."

Ilé mẹ́rin ni tiransifọ́mà orí òpó yẹn ń fún níná. Gbogbo àwa aládùúgbò la mọ̀ pé àwọn ará ilé mẹ́ta nínú wọn ti sá kúrò nílùú lọ́jọ́ náà. Mo wo Lavonne, ó wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ kẹta," ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wọlé lọ. Wọ́n gé ẹ̀ka náà, kò sẹ́ni tó dá wọn dúró.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ìjókòó kọ̀ fún un. Á ṣí omi sí òdòdó, á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Á wá sílé mi, kò ní jókòó, á tún lọ. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní, "Cleta, sìn mí." Ó di ilé iṣẹ́ iná. Ó gbé wáyà náà lé tábìlì níwájú Renaldo.

"Èmi ni," ó wí. "Hosea ń mí hẹlẹhẹlẹ, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe."

Renaldo wo wáyà náà títí. Ó dìde, ó lọ sí ojú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wa.

"Ìyàwó mi ló ń bá mi de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì títí dòní," ó wí. Mo rò pé ó máa lé wa jáde. Ó yíjú padà. "Mi ò ní purọ́ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó, Màmá. Ṣé orúkọ Bàbá wà nínú ìwé àwọn tó ń fi ẹ̀rọ mí?"

"Ìwé wo?"

"Èyí tá a fi ránṣẹ́ sílé yín."

"Mo rò pé gbájúẹ̀ ni. Mo ti jù ú nù."

Ó mú ìwé tuntun, ó kọ orúkọ Hosea sí i. Lẹ́yìn náà ló mú ẹ̀mú, ó gé wáyà náà sí méjì.

Ìjì dé ní oṣù kẹsàn-án. Kí atẹ́gùn tó le, ilé iṣẹ́ iná ti pe Lavonne, ó sì ti gbé Hosea lọ sí ibùdó àwọn aláìsàn, níbi tí iná kì í ti í lọ. Ní ọjọ́ kejì tí ìjì rọlẹ̀, Renaldo gun òpó ẹ̀yìn ilé wọn. Lavonne dúró nísàlẹ̀, ó ń fún ìdí aṣọ rẹ̀ mọ́wọ́. Kò ṣẹ́jú títí ọkùnrin náà fi fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe ki jẹnẹrétọ̀ bọ ògiri ilé láé. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ gbé e sí, jìnnà sí fèrèsé, torí èéfín rẹ̀ ń pa ẹni tó sùn. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lò ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn tààrà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó gbé gbogbo ilé, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ mí, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ìjì tó dé, kẹ́ ẹ sì mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbé e lọ, nítorí ìforúkọsílẹ̀ ò ní kí iná má lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ẹ̀ka tó kan wáyà. Bẹ́ ẹ bá sì rí wáyà nílẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé ó ti kú.

Ẹni tó wà lórí òpó náà ní ará ilé tó ń retí rẹ̀.