Orúkọ Tí Wọ́n Fi Abẹ Ha Nínú Ìwé Nọ́síràtù

Bí ó bá jẹ́ pé Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni ẹ ń gbé lọ́dún 1973, ẹ ó ti pàdé Nọ́síràtù lójú ọ̀nà. Òun ni obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń wọ aṣọ búlúù ọsibítù, tí ń sáré kọjá láàárọ̀ kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó jáde. Ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ló ń nù. Òun náà ló ń gbé póò àwọn aláìsàn lọ dànù. Ọdún kọkànlá rèé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ kì í ṣe àbùkù, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n Nọ́síràtù mọ̀wé. Ó ka Sitandáàdì Síìsì, ó sì yege. Bí nọ́ọ̀sì bá gbé ìgò oògùn, tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, Nọ́síràtù á ti kà á tán nínú ara rẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó la ẹnu. Lẹ́yìn náà, yóò tún tẹ̀ ba mọ́ ilẹ̀ tó ń nù. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, Métírọ́ọ̀nù pè é sí ọ́fíìsì.

"Nọ́síràtù, wọ́n sọ fún mi pé o mọ̀wé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Díẹ̀ díẹ̀."

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn àgbà kan wà lẹ́bàá Iwaraja, tí o bá ti kọjá Iléṣà. Àwọn ará ìlú ló dá a sílẹ̀. Ọdún kan ni ẹ̀kọ́ wọn. Bí o bá mú ìwé ẹ̀rí wọn wá, èmi fúnra mi á fi ọ́ sẹ́nu ẹ̀kọ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Márùndínlógójì géérégé, mà."

Métírọ́ọ̀nù mi orí. "A jẹ́ pé ọdún yìí nìkan ló kù fún ọ. Má fi ṣeré o."

Nígbà tó délé, ó rò pé ọkọ òun yóò kọ̀. Táòfíkì, ọkọ rẹ̀, télọ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ni Alfa Àpáta, tí ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí Nọ́síràtù sọ ọ̀rọ̀ náà fún un tán, Táòfíkì gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

"Lọ," ló wí. "Ìyá mi á bá wa mójú tó àwọn ọmọ. Ọdún kan péré, ṣé ọgọ́rùn-ún ọdún ni?"

Ká tó wí ká tó fọ̀, Táòfíkì ti kéde rẹ̀ káàkiri. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ń sọ ọ́. Ẹni tó wá gba ṣòkòtò, ó ń sọ ọ́ fún un. "Ìyàwó mi ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì!" Bẹ́ẹ̀ ló ń pariwo rẹ̀, tí eyín rẹ̀ ń funfun láàárín ẹnu.

Obìnrin kan wà tí ń kọ́ àwọn àgbà ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ládùúgbò náà, Ìyáàfin Oyèṣọlá ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń bá ìjọba bójú tó ẹ̀kọ́ àgbà lápá ibẹ̀. Ó gba fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wá, ó sì jókòó ti gbogbo àwọn tó fẹ́ lọ.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ló wí. "Wọ́n ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí Sitandáàdì Síìsì tàbí ti ilé ìwé Módà. Wọ́n ń fẹ́ ìwé ọjọ́ orí. Ẹni tí kò bá ní, kí ó lọ búra ọjọ́ orí rẹ̀ ní kóòtù. Wọ́n ń fẹ́ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín níbi iṣẹ́. Paríparì rẹ̀, orúkọ tí ẹ bá kọ sínú fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bá orúkọ inú ìwé ẹ̀rí yín mu. Bí kò bá bá a mu, kóòtù náà lẹ ó ti lọ búra pé ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ méjèèjì; ẹ mú un wá kí n rí i kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ o!"

Nọ́síràtù ká fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó fi í sábẹ́ apá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dé fún yín. Nígbà tí Nọ́síràtù wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń gbé Iléṣà, Ọ̀gbẹ́ni Àkànó, ló mú un lọ sọ́dọ̀ láti fi í sílé ìwé. Ilé ìwé ìjọ ni. Tíṣà tó ń kọ orúkọ gbé ojú sókè, ó ní, "Nọ́síràtù kẹ̀? Orúkọ wo nìyẹn? Phebe ni kó máa jẹ́." Nígbà tí wọ́n sì béèrè orúkọ bàbá, ẹni tó mú un wá ni wọ́n kọ. Bí Nọ́síràtù ọmọ Sànúsí ṣe di Phebe Àkànó nìyẹn. Ọdún méje ló fi ń jẹ́ Phebe. Ní ìdúró ìlà láàárọ̀, Phebe ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, Phebe ni. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ wá mú un padà sí Òṣogbo, ó fi orúkọ náà sílẹ̀ ní Iléṣà. Inú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nìkan ló kù sí, ní ìsàlẹ̀ àpótí.

Ilé Alfa ló wá fẹ́ ọkọ sí. Ọdún mẹ́rìnlá, kò dárúkọ Phebe rí nínú ilé náà. Ọsibítù kò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí yóò nu ilẹ̀. Ta ni yóò wá mọ̀? Nísinsìnyí wọ́n ní kó lọ dúró ní kóòtù, kó fẹnu ara rẹ̀ búra pé òun ni Phebe! Bẹ́ẹ̀, akọ̀wé kóòtù náà, ẹ̀yìn Alfa ló máa ń dúró kírun. "Wọ́n á ní mo ti ṣe kiriyó rí," ló ń wí nínú ọkàn rẹ̀. "Wọ́n á ní mo tan àwọn jẹ."

Kò mú ìwé rẹ̀ lọ fún Ìyáàfin Oyèṣọlá. Abèèrè kì í ṣìnà, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Nọ́síràtù mọ ẹni tó yẹ kó bi, ìtìjú ni kò jẹ́ kó bi í.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Béjidé ló gbà lọ. Akọ̀wé rélùwéè ni Bàbá Béjidé tẹ́lẹ̀, kó tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà ló ń bá èèyàn kọ lábẹ́ igi furúùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Kì í ṣe èèyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó gba ìwé náà, ó gbé e sún mọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, èyí náà lo ń tìtorí rẹ̀ láàágùn? Kí ni ti kóòtù níbẹ̀? Lọ́jọ́ tiwa ní rélùwéè, bí a bá ṣi orúkọ kọ sínú ìwé, abẹ la fi ń ha á."

"Bàbá, ṣé kò ní fa wàhálà?"

"Wàhálà bí i ti báwo? Ṣé ìwé ẹlòmíràn ni? Ṣebí ìwọ lo ka ìwé náà?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ó tán."

Ó yọ abẹ tuntun nínú bébà rẹ̀. Ó fi ha Phebe Àkànó kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi èékánná dán ojú ibẹ̀, ó sì kọ Nọ́síràtù Sànúsí sí i pẹ̀lú gègé, lọ́nà tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Obì méjì péré ló gbà. Nọ́síràtù kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó dúpẹ́ títí.

Ní oṣù kẹfà, ó wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà, ó tibẹ̀ wọ òmíràn lọ sí Iwaraja. Ọgọ́ta èèyàn ló jókòó ìdánwò, àwọn bíríkìlà, àwọn télọ̀, àwọn ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n ka èsì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Nọ́síràtù ló ṣe ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta! Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ mọ́. Ó ti ń fojú inú rí ara rẹ̀ nínú aṣọ funfun.

Ó wá ku kí wọ́n yẹ ìwé wò. Ọ̀gbẹ́ni Ṣàngódèyí ló wà nídìí ìyẹn. Ó yẹ fọ́ọ̀mù wò, ó yẹ ìwé ọjọ́ orí wò, ó ka lẹ́tà Métírọ́ọ̀nù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé ẹ̀rí, ó gbé e sókè sójú fèrèsé. Níbi tí wọ́n kọ orúkọ sí, oòrùn là á kọjá.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ìyá, ta ló ha ibí yìí?"

Nọ́síràtù tẹjú mọ́lẹ̀.

"Mo ní ta ló ha á? Orúkọ ta ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Phebe, sà. Phebe Àkànó. Èmi náà ni, sà. Mo fi Ọlọ́run búra, èmi ni."

"Mo gbà yín gbọ́," ni ọkùnrin náà wí. Ohun tó dun Nọ́síràtù jù nìyẹn, pé ó gbà á gbọ́. "Kí ló wá dé tí ẹ kò lọ búra ní kóòtù? Ẹ wo èyí. Ẹ wo èyí náà." Ó fa ìwé mẹ́ta, mẹ́rin jáde níwájú rẹ̀. "Mùínàt tó jẹ́ Lucy nílé ìwé. Ó mú ìwé ìbúra wá, mo ti gbà á. Èyí náà, mo ti gbà á. Ojoojúmọ́ là ń rí irú yín. Ṣùgbọ́n ìwé tí abẹ bá ti kàn, ayédèrú ni lójú òfin, ìbáà jẹ́ ìwé tiyín gan-an. Bí mo bá gbà á wọlé, èmi náà ti di arúfin."

Nọ́síràtù wó lulẹ̀ lórí orúnkún. "Ẹ dákun, sà. Ẹ fojú àánú wò mí. Ọdún yìí nìkan ló kù fún mi."

Ọkùnrin náà gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fa ìlà pupa la orúkọ rẹ̀ kọjá nínú ìwé àwọn tó yege, ó sì ti ìwé ẹ̀rí náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Wọn kì í dá irú rẹ̀ padà.

Ní ọ̀la rẹ̀, Nọ́síràtù lọ bá Ìyáàfin Oyèṣọlá, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyáàfin náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Yéè! Nọ́síràtù, nítorí èyí nìkan? Àárọ̀ ọjọ́ kan ni kóòtù! Wàá sọ orúkọ méjèèjì, wàá búra pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ wọn, akọ̀wé á lu òǹtẹ̀, ó parí. Ìwọ á wá fi í mọ́ ìwé ẹ̀rí rẹ, láìfọwọ́ kan ìwé náà rárá."

Àwọn méjèèjì kò jókòó lásán. Wọ́n lọ sí ilé ìwé náà ní Iléṣà, ọ̀gá ilé ìwé sì wo ìwé orúkọ àtijọ́, ó kọ lẹ́tà pé Phebe Àkànó ka ìwé tán níbẹ̀ lọ́dún 1953. Ó wá ku ti kóòtù. Nọ́síràtù kò lè fi pamọ́ fún ọkọ rẹ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú Táòfíkì, ó sọ fún un pé òun jẹ́ Phebe rí.

Táòfíkì ń wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

"Phebe náà ni?" ló bi í. "Phebe náà lo torí ẹ̀ ṣe gbogbo èyí? Àmínù ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Sámúẹ́lì ni nílé ìwé! Bàbá mi yìí ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú un lọ, tí wọ́n kọ Sámúẹ́lì sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ta ni kò jẹ́ orúkọ ilé ìwé ládùúgbò yìí? O ò ṣe bi mí, Nọ́síràtù? Ọdún mẹ́rìnlá, o ò ṣe bi mí?"

Nọ́síràtù bú sẹ́kún. Ẹkún náà kì í ṣe kékeré.

Wọ́n búra ní kóòtù lọ́jọ́ Àlàmísì. Akọ̀wé tí Nọ́síràtù ń bẹ̀rù náà kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó lu òǹtẹ̀, ó ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni gbogbo rẹ̀ gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé náà dé Iwaraja, Ọ̀gbẹ́ni Ṣàngódèyí yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí àbùkù kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ orúkọ mọ́ ògiri, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀, wọ́n sì ti ti ìwé pa. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Bí ó bá di ọdún tó ń bọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Nọ́síràtù, wọn kò sì ní gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa tó fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí wa. Ẹ gbé ìwé ẹ̀rí yín jáde nínú àpótí lónìí, kí fọ́ọ̀mù tó dé, kí ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Bí orúkọ ìjọ bá wà níbẹ̀, tàbí ti ẹ̀gbọ́n ìyá yín, tàbí ti ẹni tó tọ́ yín, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín, kò sì sí ẹni tí yóò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ lọ búra ní kóòtù pé ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. Bí ìwé bá sọnù, ilé ìwé tí ẹ lọ ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ béèrè iye ọdún tí wọn kì í gbà kọjá, kí ẹ má dúró di ọdún tó kẹ́yìn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ, tàbí gègé, tàbí ohunkóhun kan ìwé ẹ̀rí yín, ìbáà jẹ́ èèyàn rere tó fẹ́ràn yín. Ẹ fi han olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ yín. Ẹ fi han ọkọ yín. Ẹ fi han aya yín.

Nọ́síràtù ló ní kí a kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀, kí a má fi ohunkóhun pamọ́ níbẹ̀. Wọ́ọ̀dù ló wà báyìí, ó ń nu ilẹ̀. Ìwé ìbúra rẹ̀ wà nílé, ó pé pérépéré, kò sì sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀.