Ẹ̀ka Wo Ni Tolúwani Yóò Yàn?

"Níbo ni àga wa wà?" Wòlíì Akínọ̀ṣọ́ káwọ́ lérí. "Aago mọ́kànlá ti kọjá, ìkórè sì máa bẹ̀rẹ̀ láago kan!"

Tolúwani kò tètè gbọ́. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn wọn ní Lákọ̀wé nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, ó tẹjú mọ́ fóònù. Ó ti parí ọdún kejì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso okòwò ní yunifásítì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yan ẹ̀ka tí wọn yóò gbájú mọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà tó lù. Òun àti Olúwafúnminíyì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ti ṣàdéhùn pé ìṣúná, ìyẹn fìnáǹsì, ni àwọn máa yàn, kí àwọn lè jọ ṣiṣẹ́ ní báǹkì kan náà. Ó kù kó tẹ̀ ẹ́ báyìí, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò gbà á.

"Ẹ jẹ́ n pe dírẹ́bà, sà," ó wí.

Ọ̀gá Gàníyù, dírẹ́bà tó kó àga, ló gbé ìpè náà. "Ṣebí mo ti já igba àga fún yín ní Igbó Ẹfọ̀n! Gbogbo yín lẹ wọ funfun, tẹ́ ẹ̀ ń kọrin ìkórè."

"Yéè! Ìjọ mìíràn nìyẹn, sà!"

"Kó lọ kó o padà kíá!" Wòlíì pariwo.

"Ó máa pẹ́ jù, sà. Àwọn náà á ti háyà àga tiwọn. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà akọ̀wé wọn."

Ó pe akọ̀wé náà. Lóòótọ́, igba àga ni àwọn ará Igbó Ẹfọ̀n náà háyà. Ọkọ̀ tó kó o ṣì wà ní Abraham Adésànyà, tó sún mọ́ Lákọ̀wé ju Igbó Ẹfọ̀n lọ, kò tíì gbéra.

"Ẹ lo tiwa, mà," ni Tolúwani wí fún akọ̀wé náà. "Kí tiyín máa bọ̀ tààrà ní Lákọ̀wé."

Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ fi dé. Inú Tolúwani dùn débi pé ó fò sókè.

"Ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?" Wòlíì béèrè.

"Wọ́n ń kọ́ ọ níléèwé wa, sà. Lọ́jísítíìkì ni wọ́n ń pè é, ẹ̀ka tó ń rí sí kíkó ẹrù dé ibi tó yẹ lásìkò. Ó wù mí gan-an, ṣùgbọ́n mo ti ṣàdéhùn fìnáǹsì pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi."

"Ọ̀nà kan ò wọjà, ọmọ mi. Sọ fún un."

Ó pe Olúwafúnminíyì. "Níyì, jọ̀ọ́ má bínú. Mi ò lè ṣe fìnáǹsì. Lọ́jísítíìkì ni mo fẹ́."

Ìpè náà já. Omi lé ròrò sójú Tolúwani, síbẹ̀ ó tẹ ohun tó wù ú. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì tún ń dùn.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù, fóònù dún.

"Tolú! Mo ti yan ìpolówó ọjà!" Olúwafúnminíyì ń kígbe ayọ̀. "Ó pẹ́ tó ti ń wù mí. Torí tìẹ ni mo ṣe gba fìnáǹsì o!"

"Torí tèmi? Ìwọ ni mo rò pé ó wù!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ àyà Tolúwani já nígbà tó rò ó wò: díẹ̀ ló kù kí àwọn méjèèjì fi ọdún méjì kọ́ ohun tí kò wu ẹnì kankan nínú wọn, nítorí pé wọn kò sọ òótọ́ ọkàn wọn fún ara wọn. Ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fẹ́ràn ọ̀rẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má torí ọ̀rẹ́ yan iṣẹ́ ayé yín. Ọ̀rẹ́ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ tòótọ́ kò ní torí ìyẹn kọ̀ yín sílẹ̀.